Eyín Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Yí Sódì

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀mùrẹ́. Òfin kan wà tí mo máa ń kọ sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a bá wọlé: yí i sí ọ̀tún, ó le, yí i sí òsì, ó tú. Màá ní kí wọ́n kà á tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tó bá bi mí pé ṣé gbogbo nǹkan ni, màá ní kó jókòó. Mi ò fi ìyẹn yangàn mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn, bí bàbá mi náà sì ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé olùkọ́ nilé wa. Àwọn ará ìta ló ń wá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. Àwa kì í jáde lọ bèèrè.

Bí èèyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ìlú wa lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò lọ sọ́jà ni gbogbo ayé máa rò. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ti bàbá mi, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Òyìnbó kan tó wá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ló tà á fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Bàbá mi a máa gùn ún lọ sí Ìsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti lọ kí ìyá rẹ̀, a sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá tí a ń kó ẹrù sí, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ó máa gùn ún lọ.

Lọ́dún èṣí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun máa mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn. Ìyá wa ti kú, Bàbá nìkan ló kù nínú ilé, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní balùwẹ̀. Kò jiyàn rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí bàbá mi lè bá èèyàn jiyàn lórí iye ìyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́. Ó ní kí n sọ kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀, kí n tún un ṣe, kí òun jókòó lé e, kí òun fi ẹsẹ̀ ara òun yí i kí òun tó kúrò nílé.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó ní.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi bẹ̀ mí fún nǹkan kan rí. Àṣẹ ló máa ń pa. Bí ìdánwò ni mo ṣe gba ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé mi ò ní gbà kí n fẹ́lì.

Táyà kò ṣòro tún ṣe. Ṣéènì náà kò ṣòro, kẹrosíìnì ló gbà. Ibi ẹsẹ̀ tí a ń tẹ̀ kó lè yí ni wàhálà wà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ egungun kẹ̀kẹ́, níbi tí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbà kọjá. Ife irin méjì ló dé ihò náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ sì wà nínú wọn. Wọ́n gé eyín bíi ti síkúrù sára ife, wọ́n gé eyín sínú ihò, eyín méjèèjì ló sì ń di ara wọn mú kí nǹkan má bàa yẹ̀. Ife tòsì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Tọ̀tún ní òun ò ní tú.

Mo yí i sí òsì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Kò mì. Mo ta kẹrosíìnì sí i, mo jẹun, mo padà wá, mo tún yí i sí òsì. Mo wá fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kí agbára lè pọ̀ sí i, mo sì gbé gbogbo ara lé e. Ó dún, ó sì yí. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí irin wẹ́wẹ́ tó ń jábọ́ sílẹ̀ bí irun àgbàdo, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ó tú. Mo ti fa eyín inú ihò náà ya.

"Ṣé ó ti tú?" Bàbá bèèrè láti pálọ̀.

"Ó ti kúrò níbẹ̀, sà," mo ní. Bí a bá fẹ́ wò ó dáadáa, kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé egungun kẹ̀kẹ́ náà kiri nínú búùtù ọkọ̀ mi. Wẹ́dà kan ní Ẹ̀mùrẹ́ ní òun lè jó ihò náà pa pátápátá, kó má yí mọ́, kí Bàbá kàn máa wò ó. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra tuntun. Mo bínú sí wọn bí ẹni pé àwọn ló bà á jẹ́. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe gàrí, ló wá sọ fún mi nípa ọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń gé irin gígùn eléyín tí wọ́n fi ń fún omi kúrò nínú gàrí. Ó ní kò sí irú eyín tí ọkùnrin náà kò lè gé. Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n bí mi sí. Mo ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà láìmọye ìgbà.

Àgbàlagbà ni, ó ń lọ sí àádọ́rin ọdún, ó fi òwú so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí. Mo gbé egungun kẹ̀kẹ́ náà lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fi ihò náà hàn án. Kò wo ihò. Ó fọwọ́ ra egungun òkè láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Kẹ̀kẹ́ Tísà rè é," ó ní.

Mo ní bàbá mi ni.

"Mo mọ̀. O jọ ọ́." Ó fa ife ọ̀tún tó ti bàjẹ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ̀kẹ́ yí."

Ó da kẹrosíìnì sínú ihò náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀mú fa nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde láàárín eyín tó ya náà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Agolo mílíìkì ni, tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé tín-ín-rín. Ọ̀dà búlúù àti funfun rẹ̀ ṣì hàn.

"Ṣé uwọ lo fi agolo wé e?"

"Rárá, sà."

"Ẹnì kan ti ṣe ohun tí o ṣe yí ṣáájú rẹ. Apá ọ̀tún ni ife yí ń tú sí, òsì ló ń le sí. Onítọ̀hún yí i sódì, eyín rẹ̀ jẹ, ó sì fi agolo há a kó lè dúró. Á dúró fún ugbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á máa mì."

Yàtọ̀ sí bàbá mi, kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà rí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo agolo náà. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ògiri. Ó bà á jẹ́ ni, bí mo ṣe bà á jẹ́, ó sì fi òfin bo ìtìjú mọ́lẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

"Kí ló dé tí kò gbé e wá fún oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ nígbà náà?" mo bèèrè.

"Èmi nìkan lonṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àgbègbè yí nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tísà ló sì lé mi kúrò nílé-ìwé."

Ó sọ fún mi pé aago kan wà lára ògiri ọ́fíìsì bàbá mi nígbà tí òun wà ní ìwé kẹfà, àti pé òun kò lè kọjá níbẹ̀ kí òun má wò ó. Lọ́jọ́ kan, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó gun orí àga, ó sọ aago náà kalẹ̀, ó tú u láti mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ó tò ó padà, ó gbé e kọ́. Síkúrù kan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi wọlé.

"Ó ní bí síkúrù bá lè ṣẹ́ kù, aago ti bàjẹ́ nù un. Ó nà mí. Ó ní kí n máa lọ ulé, pé ìwé ò sí lórí mi, kí n lọ kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́." Ó gbé ife náà sílẹ̀. "Mo sì lọ kọ́ ọ."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Bí ẹni tó ń sọ ibi tó ti ra bàtà ló ṣe sọ ọ́. Èmi ni mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ mẹ́ta. Ó la ihò náà fẹ̀, ó gé òrùka irin tó bá a mu, ó fi bàbà yíyọ́ jó o mọ́ inú rẹ̀, ó sì dúró kó tutù fúnra rẹ̀ láìda omi sí i. Ó wá ife ọ̀tún mìíràn nínú páálí irin àtijọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan gígé eyín tuntun, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú gé e kó máa le sí ọ̀tún bí gbogbo nǹkan ayé, kí wàhálà tán.

"Bí o bá gé e báhun, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ni á máa tú u," ó ní. "Kó tó dé Ìsẹ̀, á ti jábọ́ sọ́nà. Àwọn tó ṣe é ò ya wèrè."

Ọjọ́ méjì ló kù kí ẹ̀gbọ́n mi dé nígbà tí mo sọ fún Bàbá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: páìpù, eyín tó ya, orúkọ ẹni tó ń tún un ṣe. Agolo nìkan ni mi ò mẹ́nu kàn, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà, ó ti mọ̀ pé mo ti rí agolo náà. Ó ní òun fẹ́ sùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Inú bí mi gidigidi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń pe gbogbo wa ní alágbára má mèrò, ọ̀rọ̀ ti wá kàn án, ó fẹ́ lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti múra. Ó ti dé fìlà. Ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀.

"Gbé mi lọ síbẹ̀," ó ní.

Ọkùnrin náà rí wa láti ọ̀ọ́kán, ó pa ẹ̀rọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún irin wẹ́wẹ́, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká. Mo gbé Bàbá jókòó sórí àpótí. Egungun kẹ̀kẹ́ wà lórí tábìlì, ó ti tán, ife ọ̀tún ló kàn láti dé. Ọkùnrin náà mú ife, ó fi gírísì pa á. Bàbá na ọwọ́.

"Apá ibo ló ń yí sí?" ó bi í.

Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò mọ̀ rí. Ohun tó mọ̀ ló máa ń bi wá. Ìyẹn niṣẹ́ rẹ̀.

"Òsì ni, Tísà. Ti ọ̀tún yí nìkan ni. Ẹ mọ́wọ́ yín wá."

Ó gbé ife náà sí ìka Bàbá, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ náà, wọ́n sì jọ yí i. Ó wọlé láìdún. Bàbá yí i títí ìka rẹ̀ kò fi lè yí i mọ́, ọkùnrin náà sì fi sípánà parí rẹ̀.

Ìyókù, tí mo ti kó wá nínú búùtù, gba bí ààbọ̀ wákàtí: ọ̀pá, bọ́ọ̀lù, ife òsì, ẹsẹ̀ méjèèjì, táyà méjèèjì, ṣéènì. A gbé ìdí kẹ̀kẹ́ náà lé orí igi kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Èmi dúró lápá kan, ọkùnrin náà dúró lápá kejì, a sì gbé Bàbá gùn ún. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé, ó rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí lọ geere, kò mì, kò dún. Ó ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n ó tún un yí, ó tún tún un yí. Nígbà tó dúró, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Aago yẹn kò dákẹ́ rí," ó ní. "Ó ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì."

Ọkùnrin náà mú àkísà lórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, níbi tí kò ti sí ìdọ̀tí kankan. Ó nù ún pẹ́. Mo di ìbàdí Bàbá mú kó má bàa ṣubú.