Ẹ́ńjìnnì Tó Wá Láti Odò

Lọ́dún 1974, Bùràímọ̀ ra lọ́rì àlòkù kan ní Lọ́kọ́ja, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ojú omi kan sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Sàláhúdéènì, tó ti wa ọkọ̀ ojú omi náà rí, ló gbé lọ́rì fún láti máa wà. Nígbà tó ń gun òkè ọ̀nà Kàbà, ẹ́ńjìnnì gbóná títí ó fi nọ́ọ̀kì, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Bùràímọ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó bi í pé:

“Ẹ ò bu omi sí i ni?”

“Omi kẹ̀? N kò bu omi sí i rí lójú odò. Ìwọ lo bà á jẹ́.”

“Omi odò ni ẹ́ńjìnnì ń fà mu nígbà náà!”

Inú Bùràímọ̀ ń hó, ṣùgbọ́n a kì í bú àna. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó na ọwọ́ látilẹ̀.

“Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rì mi, ẹ̀gbọ́n.”