Tíṣà Tí Ọkọ̀ Fi Sílẹ̀

Ní gbogbo Oǹdó, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Akíntóyè, ìtàn ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń bà. Ọdún tí epo bẹntiróòlù di àwátì ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tíṣà sì ti sanwó. Ṣùgbọ́n kò wọlé. Ẹnu ìlẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń ka èrò, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé "aboard" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi nìkan: ìbáà ṣe rélùwéè, ìbáà ṣe bàlúù tàbí bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ ti wà "aboard", ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kanlẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé, ó fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ní, "All aboard," pé gbogbo èrò ti wà nínú ọkọ̀. Dírẹ́bà, tó ti rò pé àgbèrò tuntun ni, ṣáná, ó bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà nìkan ló kù nílẹ̀.

Nígbà tó jàjà dé ọ̀dọ̀ Monílọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, kò bú dírẹ́bà rárá. Ó ní ọkùnrin náà gbọ́ òyìnbó dáadáa.

Ẹ má rò pé ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí o. Odò tó kọjá orúnkún, kò wọ̀ ọ́ rí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bi í lọ́jọ́ kan bí wíwọ ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń rí lára. Tíṣà ní kí ó jókòó.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. "Monílọ́lá, mú mi dé Ìgbọ́kọ̀dá," ó ní. "Kí n ṣáà wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú."

Monílọ́lá ní kí epo wà ná. Epo wà, ó ní kí òjò dá. Òjò dá, iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè. Bàbá ò bínú. Ó ra fìlà kan sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà, gbogbo ìgbà tó bá sì ń lọ sí Àkúrẹ́ ló ń mú un dání, bóyá ọjọ́ náà ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni fìlà náà wà nígbà tí àìsàn dá a dúró sílé ọmọ rẹ̀, tí kò sì padà sí Oǹdó láàyè. Títí dòní, àbámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ò tán lára Monílọ́lá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé òkú lọ sílé, òun ló dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn ọkọ̀, fìlà lọ́wọ́, ó ń ka ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà bi í bóyá wọ́n ti pé. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wọ́n ti pé," ó ní. "Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé."

Ó gbé fìlà náà lé orí pósí, ó sì wọlé jókòó tì í.