Wáípà Ojú Iná Ọkọ̀ Pírínsípà

"Gbé etí rẹ síbí," ni Bàbá wí. Ó ti fi ẹnu sukudiráfà kan ara mọ́tò wáípà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí wáípà, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí mi. Mo tẹ etí mọ́ ọn. Ọwọ́ Bàbá ń rùn bẹntiróòlù àti obì. Ó ní kí ẹni tó ni ọkọ̀, tó jókòó sínú rẹ̀, tẹ súìṣì. Lápá ọ̀tún, wáípà kékeré gbéra, ó nu ojú iná iwájú ọkọ̀ lọ, ó nu ún bọ̀. Lápá òsì tí mo ń fetí sí, n kò gbọ́ ju èémí ara mi lọ.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"O káre. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní àdúgbò Karaworo. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé Ìyá àgbà tí mo ń gbé àti ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Aládùúgbò wa ni Bàbá, réwáyà ni, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì débi pé ìka ló fi ń mọ wáyà kan yàtọ̀ sí èkejì. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, àpò ìwé mi kì í tíì balẹ̀ dáadáa tí màá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ní ó kù díẹ̀ kí èmi ọmọbìnrin hu irùngbọ̀n.

Ọkọ̀ Pírínsípà ni ọkọ̀ náà, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ebira. Ọkọ̀ àtijọ́ gígùn ni, òun nìkan ló sì ní wáípà lójú iná ní gbogbo àdúgbò wa. Láràárọ̀ ni àwa ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, tí à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́jú. Á dúró, á tẹ súìṣì, omi á tú jáde, wáípà méjèèjì á máa jó, àwa náà á máa jó. Nígbà tí tòsì kọṣẹ́, ọkọ̀ náà wá dà bí ẹni tó bọ́jú lápá kan, tó gbàgbé ìkejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò Otokiti, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wo àìsàn ọkọ̀, gbogbo oníbàárà Bàbá ló sì ti rọ́ lọ bá wọn. Pírínsípà nìkan ló kù. Ọmọ Bàbá kò yéé pè é láti Àbújá pé kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Ìyá àgbà pé, "Ọjọ́ tí Pírínsípà bá lọ, èmi náà á di ẹrù mi." Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Bàbá fa wáyà kúrò lára mọ́tò tó kọṣẹ́ náà, ó fi kan gílóòbù kékeré tó fi ń dán iná wò. Gílóòbù tàn. "Iná ń dé ibẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ ló ṣàìsàn." A tú u, a ṣí i, omi pupa dà jáde. Ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fi sánpépà ha ìpẹtà kúrò, ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyá mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, "fi gírísì sí eyín rẹ̀. Mò ń bọ̀."

Orí mi wú. Mo ṣí agolo gírísì, ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ kún fún yanrìn. Mo rántí òrí tí Ìyá àgbà fi ń pa orúnkún rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lè dìde. Tí òrí bá lè tú orúnkún Ìyá àgbà, kí ni eyín irin kékeré yìí? Mo sá wọlé, mo bu òrí, mo kì í bọnú ẹ̀rọ náà kún fọ́fọ́. Òórùn bẹntiróòlù ti gba ibẹ̀ kan, Bàbá ò fura. Ó dé e padà, ó dì í, Pírínsípà tẹ súìṣì nínú oòrùn ọ̀sán. Wáípà méjèèjì jó. Gbogbo wa pariwo, Pírínsípà sì fi ọwọ́ méjèèjì bọ Bàbá lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú, a ò rí òkè Patti tó yọ sókè ìlú wa rárá. Pírínsípà dé pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn.

"Ọ̀kun o," Bàbá kí i bí àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń kíni.

"Baba, this thing no gree o." Ó nàka sí wáípà apá òsì, tó tún ti dúró. "Ẹ ti gbìyànjú. Màá gbé e lọ sí Otokiti lónìí."

Bàbá ní kó fún òun níṣẹ́jú díẹ̀, kó sì tẹ súìṣì. Ó gbé sukudiráfà sí etí ara rẹ̀. "Ó ń kùn," ó ní. "Ó fẹ́ yí. Nǹkan kan ló dì í mú." Ó tú u, ó ṣí i, òtútù ti mú kí òrí dì gbagidi nínú rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Ó yíjú sí mi, ojú tí kì í ríran dáadáa yẹn, mo sì mọ̀ pé ó rí mi.

Ó kọjú sí Pírínsípà. "Àṣìṣe mi ni. Ohun tí kò yẹ ni mo fi sí i."

"Bàbá, àgbà ti dé sí yín," Pírínsípà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò.

"Èmi ni," mo ní. Ẹkún ti gbà mí. "Òrí Ìyá àgbà ni mo fi sí i. Bàbá ò mọ̀."

Pírínsípà wò mí, ó wo ẹ̀rọ náà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò, ó jókòó sórí táyà kan, ó ní òun ń dúró.

Mò ń retí kí Bàbá lé mi sílé. Ó fi bẹntiróòlù fọ gbogbo rẹ̀ títí òórùn òrí fi tán, ó yọ agolo gírísì tuntun lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó wá na ẹ̀rọ náà sí mi níwájú ẹni tó ni ọkọ̀.

"Lọ fọwọ́ rẹ, ìyá mi, kí o wá fi gírísì sí i."

Pírínsípà fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Mo fi gírísì sí i, eyín kan lẹ́yìn èkejì. Òtútù náà ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Pírínsípà tẹ súìṣì, wáípà méjèèjì sì gbéra papọ̀. Igbe tí mo ké ló mú Ìyá àgbà jáde, pẹ̀lú igbá òrí lọ́wọ́, tó ń béèrè ẹni tó fọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Bàbá ò lọ sí Àbújá lọ́dún náà, kò lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò tíì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn nígbà tí èmi náà fi kọ́ iṣẹ́ tán. Èmi gan-an ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ní Otokiti, mo sì ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbé sukudiráfà sí etí, mo ṣì ń gbé ẹ̀rọ sí imú kí n tó sọ pé ohun báyìí ló ṣe é. Tí ọmọṣẹ́ mi kan bá sì ba nǹkan jẹ́, tó lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, mo máa ń fọ nǹkan náà mọ́, màá pè é, màá sì na án sí òun gan-an níwájú oníbàárà. Wọ́n á lọ fọwọ́ wọn, wọ́n á wá gbà á. Mo máa ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é tán.