Róòsì Màmá Mi Tó Wà Lọ́dọ̀ Sísì Aránṣọ

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun kò jowú rí, ẹ bi í bóyá ìyá bí i. Ìyá bí èmi, èmi nìkan ṣoṣo ló sì bí, síbẹ̀ mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bá obìnrin kan tí kì í ṣe ẹbí wa du màmá mi. Òdòdó róòsì kan ló fa gbogbo rẹ̀, ní Iléṣà, lásìkò tí ogun abẹ́lé ń jà àti fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Kí wọ́n tó bí mi ni màmá mi ti ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó ìjọ wa. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó gé ẹ̀ka róòsì kan fún un, màmá mi sì gbìn ín sábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Òdòdó náà pọ́n bí inú gúáfà, òórùn rẹ̀ á sì wọ yàrá wa láàárọ̀. Àwọn obìnrin mélòó kan wà nínú ìjọ tí wọ́n fẹ́ràn òdòdó bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń tò ó sí iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní òfin kan láàárín ara wọn: ẹni tó bá ní òdòdó tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dá a ní. Yóò gé ẹ̀ka rẹ̀ fún ẹnì kan, kó lè rí i gé padà bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa tirẹ̀.

"Òdòdó tó bá wà ní ulé kan ṣoṣo," màmá mi máa ń wí, "ti ewúrẹ́ ni."

Ta ló wá gé tirẹ̀ fún? Sísì Aránṣọ. Ọmọ Ìwàrà ni, ó gba yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì wa. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré. Kò pẹ́ tó fi ń pe màmá mi ní Màmá, bí ẹni pé inú kan náà la ti wá. "Màmá, ẹ wá wo róòsì wa o!" Róòsì wa! Ó ṣe mí bíi kí n bi í ìgbà tí òun bá wọn fọ aṣọ òyìnbó.

Nígbà tí mo lọ́kọ, tí mo bá ọkọ mi lọ sí Òkè-Fìà ní Òṣogbo, màmá mi gé ẹ̀ka kan fún èmi náà. Ó fi àkísà tútù wé ìdí rẹ̀, ó tì í bọ inú agolo mílíìkì, mo sì gbé e lé itan nínú bọ́lékájà títí a fi délé. Ó ní tó bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, kí n wá ẹnì kan fún. Ó mú ilẹ̀. N kò fún ẹnì kankan.

Ìyàwó onílé wa, Alhaja kan tó ń ta àdìrẹ, tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó, bùn mi ní ẹ̀ka kan nínú òdòdó yìí, in ṣáà Allah, n óò tọ́jú ẹ̀." Mo ní ó ṣì kéré. Nígbà tó di ọdún kejì ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ejìká mi, mo tún ní ó kéré. Mo ti rí ohun tí fífúnni ń dà. A fún ẹnì kan ní Iléṣà lẹ́ẹ̀kan, ó gba òdòdó, ó gba ìyá mọ́ ọn.

Nígbà tí Iléyá ku dẹ̀dẹ̀, baba onílé ra àgbò ńlá kan, ó so ó mọ́ òpó ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ sọ́jà. Kí n tó dé, àgbò ti já okùn, ó ti jẹ róòsì mi kanlẹ̀, ó fi ìwo hú ìdí rẹ̀ síta. Alhaja ká ọwọ́ lérí. "Subhanallah! Ká ní o fún mi níjọ́sí ni, ọ̀dọ̀ mi là bá ti lọ gé e báyìí." Lọ́jọ́ Iléyá wọ́n gbé ẹran wá fún wa, wọ́n fi itan kan kún un. Mo jẹ ẹ́, mo rún egungun rẹ̀, inú mi kò rọ̀.

N kò sọ fún màmá mi. Nígbà tí mo bímọ, tó wá wẹ ọmọ fún mi, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó bèèrè róòsì. Mo ní mo ti gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan tí oòrùn ń dé dáadáa. Ó ní, "Káre." Kò bèèrè mọ́ títí ó fi padà sí Iléṣà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òun àti Sísì Aránṣọ wá kọjá àfaradà. Bí mo bá lọ kí i nílé, tí oòrùn bá ti rọ̀, ó di kó gbé àpótí ìjókòó, kó rékọjá títì. Èmi á wà nílé pẹ̀lú ọbẹ̀ tí mo sè fún un, ọbẹ̀ á sì máa tutù. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wò ó níbi tó bẹ̀rẹ̀ sídìí róòsì obìnrin yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Róòsì náà ti ga ju tiwa lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "róòsì Sísì Aránṣọ" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, èmi sanra ní tèmi, ṣùgbọ́n owú jẹ mí dé mùdùnmúdùn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni màmá mi kú. Nígbà tí mo fi dé láti Òṣogbo, àwọn ọkùnrin ẹbí wa ti gbẹ́ ilẹ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n sin ín sí, bí a ti ń sin àgbàlagbà nílé wa, ṣùgbọ́n òkúta ló kún ibẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọkọ́ ti wọlẹ̀ ni abẹ́ fèrèsé, níbi tó ti ń da omi àti eérú sí láti ọdún pípẹ́ wá. Róòsì náà wà lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè. Mo pariwo lé wọn lórí títí ohùn mi fi há. Mo gé ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ sínú agolo, ó dúdú kó tó di ọjọ́ kẹjọ.

Ohun gbogbo tí ọwọ́ màmá mi gbìn ti tán, àfi èyí tó wà ní òdìkejì títì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní kí n lọ tọrọ rẹ̀. Mo ní ó sàn kí n kú. Ó ní, "Àjùmọ̀bí ò kan tàánú. Dìde!"

Mo bá Sísì Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Róòsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, òdòdó bò ó. Kí n tó lanu, ó dìde, ó na àdá sí mi.

"Gé e. Hú u lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n hú ugi yìí dànù."

Mo bi í pé kí ló ṣe é.

"O ò mọ ohun tí Màmá ń pè é? Ọmọ mi Òṣogbo. Bí wọ́n bá ti dé báyìí, 'Ọmọ mi Òṣogbo, ṣé o sùn re? Ṣé ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ?' Wọ́n á fomi sí i, wọ́n á já ewé gbígbẹ rẹ̀. Èmi tí mo fọ ẹsẹ̀ wọn nígbà tó ń wú, n óò jókòó sídìí ẹ̀rọ, n óò máa gbọ́. Ulé mi ni wọ́n ń wá o, àmọ́ kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wá wò."

Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn bíi ti ẹni tí kóòtù dá láre. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé omi ń dà lójú mi.

Mo mú àdá. Ó yíjú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́," ó ní, "bó o bá ń hú u, fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo gé. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró, Sísì. Ti àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ sí Òṣogbo ti kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó mú èérún aṣọ kan nílẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé ìdí ẹ̀ka náà.

"Màmá mọ̀," ó ní. "Ìyàwó onílé rẹ sọ fún wọn nígbà tí wọ́n wá wẹ ọmọ fún ọ. Ọjọ́ tí wọ́n dé láti Òṣogbo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí wá síbí."