Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Kò Ní Gbàgbé

Òórùn eruku tó gbóná lórí ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Yàrá kótópó kan ni, ní ilé ẹ̀kọ́ kan létí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé dí fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Àárín ọdún 1985 sí 1990 ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá wo ìyàwó tuntun. Èmi ni mò ń bá olùkọ́ tó ni yàrá náà ṣiṣẹ́. Ó ti kàwé dé láti òkè òkun, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi sì ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ lè tú gbólóhùn Yorùbá palẹ̀, kó mọ ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá ní, "Mo rí ọkùnrin tó ń ta iṣu pẹ̀lú àbúrò mi," ṣé àbúrò mi ló ń bá a ta iṣu ni, àbí èmi àti àbúrò mi la jọ rí i? Ènìyàn á mọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ọgbọ́n tí olùkọ́ dá ni pé ká gba ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn jọ rẹpẹtẹ, ká ka bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra, ká wá fún ìtò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tó bá mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́nu á tẹ̀wọ̀n jù, òun sì ni ẹ̀rọ á mú.

Torí ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni mo ṣe mú un dé Ayépé, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. A bá Màmá lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń sẹ́ gàrí. Olùkọ́ náà, ọ̀gá mi, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ nínú ìyẹ̀fun gàrí, Màmá sì rẹ́rìn-ín, ó ní kó tètè dìde kó má baà fi búbá kó ọjà òun lọ. Ìjẹ̀bú ẹnu Màmá ki débi pé àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ gan-an máa ń bi ara wa pé kí ló wí. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò tí a gbé lọ títí tẹ́ẹ̀pù fi tán, ó sì kí gbogbo ìkíni tí àwọn obìnrin ilé wa fi ń gba ọmọ tuntun sáyé. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n dópin. Ó wá wo rédíò tó ń gba ohùn náà, ó ní, "Nǹkan yìí, ṣé kò ní gbàgbé?"

"Kò ní gbàgbé láéláé, Màmá," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn. "Ènìyàn ló ń gbàgbé."

Màmá kú kí ọdún tó yí po. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi bí obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ ní Yétúndé ló ti ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní kí n lọ gba tẹ́ẹ̀pù náà wá, ká fi ohùn Màmá fúnra rẹ̀ kí ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọ̀gá mi nà án sí mi láìgbójú sókè. Mo fi í sínú rédíò orí tábìlì rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn ló jáde, ó mọ́ gaara, ó ń sọ ti ìjọba àti ti owó epo. Mo yí i síwájú, ìròyìn ni. Mo yí i sẹ́yìn, ìròyìn ni. Níparí pátápátá ni mo tó gbọ́ ìró asẹ́ gàrí, ṣàà, ṣàà, àti ikọ́ Màmá. Ó tán.

Mo béèrè pé Màmá dà. Ó ní òun ti gba ìròyìn lé e lórí, pé tẹ́ẹ̀pù wọ́n lọ́jà, pé ọ̀rọ̀ Màmá ò bá ti ọ̀pọ̀ mu, ó sì ń da ìṣirò òun rú. "Ohun tí ẹnì kan péré ń wí, òfo ni ẹ̀rọ máa kà á sí. Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù."

Àyà tó kan ilẹ̀ nínú gàrí yẹn ni mo ń rí. Ó ṣe mí bíi kí n gbé kọ̀ǹpútà náà là mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló dì mí lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ dọ̀bálẹ̀ fún òfo nígbà yẹn, sà?" Ó ń fi bírò kan tábìlì. Mo jáde, n ò sì padà wọ yàrá náà mọ́.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọmọ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà, ó dé ìdajì, kò rántí ìyókù mọ́. Ẹnì kan sáré dá orin ìjọ láti fi bò ó.

Wọ́n ní ìbínú kì í pẹ́ lọ́kàn ẹni rere. Tèmi pẹ́. N ò bá ìṣirò jà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ibì kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn náà sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ohun tó ṣọ̀wọ́n kò sí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bí Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ló kú. Yétúndé ti dàgbà báyìí, ó ti di ìyá ọmọ, ó sì bi mí léṣìí pé irú ìkíni wo ni wọn ì bá fi kí òun. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo rántí fún un. Àmọ́ Yorùbá akàròyìn ni mo fi sọ ọ́, irú èyí tí mò ń bá ìwọ náà sọ yìí. Àní ìbéèrè tí Màmá bi wá nípa ẹ̀rọ yẹn, bó ṣe wí i gan-an kọ́ ni mo ṣe wí i fún ẹ lókè yìí. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń wí i ni. Mo wá Ìjẹ̀bú ti Màmá lẹ́nu ara mi, n ò rí i.