Wákàtí Mẹ́rin, Bátìrì Mẹ́ta

Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà ti ń tún fóònù ṣe, ohun tí iṣẹ́ náà sì fi yé e ni pé irọ́ pọ̀ nínú iye wákàtí tí wọ́n ń kọ sára bátìrì. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ gba ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń gbé, aago nìkan ló gbà gbọ́.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà ni," obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wí. "Wákàtí mẹ́rin péré lójú òfurufú."

"Bí bàálù bá pẹ́ nílẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ò tíì wọ bàálù, àyà yín ti fò lọ."

Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fẹ́ ọ́síjìn sí ẹ̀gbọ́n náà nímú, bátìrì ló sì ń lò. Ọkùnrin náà ra mẹ́ta. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi rọ́bà ẹ̀rọ náà sí imú ara rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo aago. Wákàtí méjì géérégé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lò. Mẹ́fà lápapọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

Bàálù dúró nílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kó tó gbéra. Ogójì mìíràn ò tíì kọjá lókè tí bátìrì àkọ́kọ́ fi kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èkejì náà ń lọ bí omi inú agbọ̀n: ní ogójì ìṣẹ́jú, ó ti dé ìdajì. Ó ku wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó balẹ̀.

"Kí ló dé tó o ń wò mí báyìí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, ó ń mí gúlegúle. "Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ojú ẹni tó ń ṣọ́ òkú lo gbé wọ̀."

Ẹ̀rọ náà ń dún: pú-pú-pú. Ìgbà náà ló rántí pé ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń dún. Imú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló fi dán an wò! Mímí kọ̀ọ̀kan ló ń bu tirẹ̀ nínú bátìrì, ojú ẹ̀rù ọkùnrin náà ló sì ń mú kí obìnrin náà máa mí kíákíá.

Ó pe ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú èrò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Tí iná pupa ẹ̀rọ yìí bá tàn, bátìrì tó kù nìyí, ẹ bá mi fi pààrọ̀ rẹ̀."

"Máa sá lọ, ojo!" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n rójú sùn."

Lórí ìjókòó tó kẹ́yìn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó rí ọ̀dọ́bìnrin náà tó ń sáré lọ síwájú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó fẹ́ dìde. Ó rántí ojú ara rẹ̀, ó sì di apá àga mú.

Bí táyà bàálù ṣe kanlẹ̀, ó tú bẹ́líìtì, ó sáré lọ síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jókòó!" ẹnì kan pariwo. Kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mí. Ìlà kan ṣoṣo ló kù lójú bátìrì, bàálù sì ń rọra yí lọ.

"Ṣé o ti rí ojú gidi gbé wọ̀?" obìnrin náà bi í.

"Mo ṣì ń wá a, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó kọjú sí fèrèsé kí obìnrin náà má bàa rí ojú rẹ̀, ó sì ń ka ìṣẹ́jú títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.