Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Màámi Ń Gbé Kiri Àdúgbò

Dókítà ní kí n rù, màámi ní kí n sanra. Ẹ gbà mí o!

Lónìí ni mo lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò àyà tó ń dùn mí. Dókítà na ìka sí àwòrán ọkàn tó wà lára ògiri.

"Ọ̀rá ti fẹ́ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹran ọkàn rẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa mọ́. Kí lò ń jẹ gan-an?"

"Ẹyin díndín, bọ́tà, awọ adìẹ. Lójoojúmọ́."

"Nítorí kí ni?"

Nítorí fọ́tò! Ṣé dókítà òyìnbó yìí á gbọ́ ìyẹn? Gbogbo Iléyá ni mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màámi n'Ìjẹ̀bú-Òde. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bá kún, wọ́n á gbé e kiri àdúgbò: "Ẹ wo ọmọ mi, ìyà ò jẹ ẹ́ ní Houston." Lọ́dún tí mo rù, ẹkún ni wọ́n sun sínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ká ní mo wà lọ́dọ̀ wọn ni, tí wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ni mo fẹ́ fi sísanra ṣe?

Kí Iléyá tó dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí á ti wọnú. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n ya fọ́tò tuntun, àbí kí n lọ tún ti èṣí fọ̀ ránṣẹ́ sí wọn?